Tẹlifíṣọ̀n tí Ìyá Bísí Fi Ìró Wọ̀n

Nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú, tí mo ṣì lè ru ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà láti ẹnu ọ̀nà ọjà dé ṣọ́ọ̀bù mi láìsinmi… Ẹ jókòó dáadáa. Tèmi, sún mọ́ mi. Tọ́bá, pa fóònù yẹn ná. Láti àárọ̀ lo ti ń fi àwòrán tẹlifíṣọ̀n hàn mí. Èyí fẹ̀. Èyí fẹ̀ jù ú lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èyí tó fẹ̀ jù, nígbà tí gbogbo wọn ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ nínú fóònù rẹ?

“Grandpa, this one na seventy-five inches.”

Mo gbọ́. Íǹṣì márùndínlọ́gọ́rin. Ṣé o ti fojú rí i? Ṣé o mọ ibi tó máa parí sí lára ògiri yẹn? O ò mọ̀. Nọ́ńbà nìkan lo mọ̀. Ẹ gbọ́, màmá yín àgbà kì í fi nọ́ńbà yan tẹlifíṣọ̀n. Ìró ìdí rẹ̀ ló fi yan èyí tí ẹ̀ ń wò yìí.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó dáa. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rẹ́rìn-ín nínú pálọ̀ yìí.

Màmá yín sọ fún yín pé tẹlifíṣọ̀n mi ti bàjẹ́, àbí? Ìdí nìyẹn tí gbogbo àwọn ọmọ mi fi dáwó jọ pé kí wọ́n ra ńlá fún mi, kí n máa rí nǹkan fi wo fíìmù, kí n má máa dá jókòó wo ògiri. Kò bàjẹ́. Lóòótọ́, ó ti gbó. Ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí ikùn aláboyún. Ṣùgbọ́n kò bàjẹ́. Mi ò kàn tàn án ni, látìgbà tí màmá yín àgbà ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe dé ilé yìí fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ lè ra èyí tó bá wù yín.

Ìgbà wàhálà Warri ni. Ẹ̀yin ò tíì sí láyé. Màmá yín Bísí wà nílé ìwé ní Ìjẹ̀bú lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, èmi àti ìyá yín àgbà àti Délé, àbúrò màmá yín, la wà níbí. Mi ò ní sọ pé ẹ̀yà báyìí ló ṣe é, tàbí ẹ̀yà báyìí ni wọ́n ṣe é fún. Gbogbo agbo ilé ló sin òkú. Ìbọn ń dún. Èéfín ń yọ láti apá ibì kan lónìí, lọ́la ó di apá ibòmíràn. Kónílé-ó-gbélé. Ṣọ́jà lójú títì. Tí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀, kí kálukú ti ilẹ̀kùn.

Àwa Yorùbá, a ò sí nínú ìjà náà. Ṣùgbọ́n ṣé ìyẹn tó? Èdè wa àti èdè Ìṣẹkírì jọra. Ẹni tí inú ń bí kì í dúró gbọ́ ìyàtọ̀. Nítorí náà, tí a bá ti jáde sí títì, Pijin ni. Èmi àti ìyá yín, tọkọtaya, Pijin la ń bá ara wa sọ lọ́jà. A ó dé ilé, a ó ti ilẹ̀kùn, kí a tó sọ pé “Ẹ kú iṣẹ́.” Ẹ̀yin òde òní, èdè wà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ò fẹ́ ẹ sọ. Ó dáa náà.

Nísinsìnyí, ẹ bi mí. Kò sí fóònù. Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ìjà tuntun ń bọ̀?

Tẹlifíṣọ̀n ni.

Ẹ gbọ́ mi yé. Ẹnjiníà kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọmọ Èkó ni, iléeṣẹ́ epo ló gbé e wá sí Warri. Ajamimogha ló ń gbé, níbi tó dákẹ́ rọ́rọ́, tí kálukú ní mọ́tò. Lọ́jọ́ kan, mo lọ kí i. Mo bá àwọn dírẹ́bà tí wọ́n ń gbé tẹlifíṣọ̀n jáde nínú ilé rẹ̀, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e bí ọmọ tuntun. Ilé tó tẹ̀ lé e náà, tẹlifíṣọ̀n ń jáde. Mo ní, “Ẹnjiníà, ṣé kò sí nǹkan o?” Ó ní, “Kò sí o, Bàbá Bísí. We dey come.” Ọjọ́ kejì, ìlú gbiná.

Látìgbà náà ni gbogbo àdúgbò ti gbọ́n. Èèyàn lè fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ sá. Ó lè fi ìkòkò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ni ohun àkọ́kọ́ tí ọkùnrin ń gbé. Ẹni tó bá gbé tẹlifíṣọ̀n jáde, ó ti gbọ́ nǹkan. Ó wá di ohun tí a fi ń kí ara wa láàárọ̀. Màmá Efe tó ń ta gààrí ní iwájú ilé wa, ìyá tó lẹ́nu bí abẹ, á nawọ́ sókè: “Neighbour, good morning! TV don comot?” A ó ní, “TV still dey!” A ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí kò dé inú.

Àwa Yorùbá ni wọ́n sì ń ṣọ́ jù. Wọ́n ní àwa la ní ará nínú gbogbo ọ́fíìsì, àwa la máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n ní tí ẹ bá rí Yorùbá tó ń kó ẹrù, ẹ má bèèrè mọ́, ẹ sá.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn síbì kan. Mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Délé jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà náà. Wọ́n ti ti ilé ìwé pa. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí kò rí nǹkan ṣe… ẹ mọ̀ ọ́n. Ilé fídíò kan wà ní oríta. Wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀, wọ́n to bẹ́ǹṣì, tẹlifíṣọ̀n ńlá kan wà níwájú. Fíìmù ogun ni wọ́n máa ń fi hàn. Ọkùnrin kan máa ń jókòó sẹ́yìn, Komanda ni wọ́n ń pè é. Mi ò mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Òun ló ń ra búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àwọn ọmọ náà. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí wọ́n bá ń fún ọmọ rẹ jẹ lọ́fẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́, ṣé ọ̀fẹ́ ni?

Lọ́jọ́ kan, Délé wọlé, aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.

Ìyá yín rí i kí n tó rí i. Ó ní, “Kí lèyí?”

“Mama, na just band.”

“Ta ló so ó fún ọ?”

“Everybody dey wear am.”

“Gbogbo ayé. Ṣé mo wọ̀ ọ́? Ṣé bàbá rẹ wọ̀ ọ́?”

Délé rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ náà mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí ọmọ fi sọ̀rọ̀. Komanda ti sọ fún wọn pé ọjọ́ tí wàhálà bá tún ṣẹ́, tí wọ́n bá ti rí i pé èèyàn ń sá, kí gbogbo wọn péjọ sí ilé fídíò. Bọ́ọ̀sì yóò wá kó wọn.

Mo ní, “Kó yín lọ sí ibo?”

“To defend.”

“Gbèjà ta ni? Ìwọ ọmọ Ìjẹ̀bú, ta ni wọ́n ní kí o wá gbèjà?”

Ó wò mí. Ó ní, “Papa, na here una born me.”

Mo padà jókòó.

Ìyá yín ló tún bi í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ báyìí: “Délé, kí ló wà lọ́hùn-ún tí kò sí nílé?” Ó rò ó. Ó ní tẹlifíṣọ̀n wọn tóbi. Ó ní tiwa dà bí páálí ìṣáná.

Délé kúrò níbẹ̀. Ìyá yín jókòó. Ó wo tẹlifíṣọ̀n wa kékeré. Ó ní, “Bàbá Bísí, lọ́la a ó lọ ra tẹlifíṣọ̀n.”

“Nínú wàhálà yìí?”

“Nínú wàhálà yìí. Kó tóbi ju tiwọn lọ.”

Ẹ wá wo bó ṣe ṣe é. Aṣọ ló ń tà, ẹ mọ̀. Wíwọn nǹkan ti mọ́ ọn lára. Kí a tó jáde nílé, ó tú ìró rẹ̀ kan, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ láti ibi tábìlì tẹlifíṣọ̀n. Ó ká a, ó tún tẹ́ ẹ. Ìró méjì dé ibi tí Délé máa ń jókòó sí. Ó ní, “Ibí ni ojú rẹ̀ wà.” A lọ sí ọjà.

Ṣọ́ọ̀bù Emeka la wọ̀, nítòsí ọjà ńlá. Kò sí oníbàárà níbẹ̀. Ta ló ń ra tẹlifíṣọ̀n nígbà ogun? Emeka dìde bí ẹni pé ọba wọlé. Ó tan fídíò kan. Òdòdó. Labalábá. Ẹja aláwọ̀ mèremère. Mo ní ó dára. Ìyá yín ní, “Ta ló ń wo labalábá nílé wa?” Ó yọ kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ nínú báàgì. Fíìmù kan ni, tí àwọn èèyàn ń rìn nínú igbó tó ṣókùnkùn. Ó ní kí Emeka fi ìyẹn sí i. Ó tú ìró rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀ẹ̀mejì, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Emeka ní, “Madam, you wan pray?”

“I wan see wetin my pikin go see.”

Ẹ gbọ́. Bí wọ́n ṣe ń tan tẹlifíṣọ̀n nìyẹn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ní ojú àwọn kan, igbó náà dúdú bí èédú, o ò rí ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n pa á. Ó sún sí ọ̀tún, ó sún sí òsì. Ó ní àlejò kì í jókòó sí àárín, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa ń wà. Ó fi ọwọ́ lé ibi tí ohùn ti ń jáde, bí ẹni ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tó ní ibà. Emeka ń làágùn.

Ó ku méjì. Ọ̀kan ní ojú pẹrẹsẹ. Ọ̀kan ní ojú tó yọ síta, tó sì wúwo. Mo ní ká gbé èyí tó wúwo, pé ohun tó wúwo ló ń pẹ́. Ó wò mí. Ó ní, “Ó dáa, ká gbé tìrẹ.” Emeka ní tí kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, ká dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ká gba ìkejì. Ṣùgbọ́n páálí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní odindi. Páálí tó bá ti ya, kò sí pààrọ̀.

A gbé e dé ilé. Gbogbo àdúgbò rí i pé tẹlifíṣọ̀n ń wọlé. Màmá Efe ti ọwọ́ bọ gààrí, ó kígbe: “Mama Bisi buy TV! Then this fight don finish be that!” Àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́. Ṣé ẹ rí i? Tí tẹlifíṣọ̀n bá jáde, ẹ̀rù. Tí ó bá wọlé, ayọ̀. Ọkàn gbogbo èèyàn balẹ̀ nítorí páálí kan.

A gbé kékeré wọ yàrá, a gbé ńlá lé tábìlì, a tàn án. Ọ̀sán ni. Fíìmù inú igbó yẹn náà ni. Délé jókòó. A ń wo ojú rẹ̀, kì í ṣe fíìmù. Ó wò ó díẹ̀. Ó tẹ orí sí ọ̀tún. Ó tẹ̀ ẹ́ sí òsì. Ó ní, “Mama, na my own face I dey see.”

Òótọ́ ni. Fèrèsé wà ní ọ̀kánkán. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ òde wà nínú gíláàsì náà. A rí fèrèsé. A rí kọ́tìnnì. A rí ara wa, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí a jókòó bí ẹni ya fọ́tò. Igbó náà, a ò rí i.

Délé wọ bàtà rẹ̀, ó lọ sí ilé fídíò.

Ìyá yín dìde, ó lọ dúró síwájú fèrèsé. Ó ní, “A wọn gbogbo nǹkan. A ò wọn fèrèsé.” Ó ní ojú pẹrẹsẹ yẹn ni ká lọ gbà, pé òun rí i pé ìyẹn kì í gbé ìmọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mi ò jiyàn.

Ọjọ́ kejì, ní ọ̀sán, Délé ò sí nílé. A dá tẹlifíṣọ̀n padà sínú páálí rẹ̀. A pe Sunday, dírẹ́bà píkọ́ọ̀pù, ará Ugbolokposo. Èmi àti Sunday gbé e jáde, a gbé e sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìyá yín ti ilẹ̀kùn, ó tì í ní kọ́kọ́rọ́.

Màmá Efe dìde dúró. Gààrí ń dà sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Mama Bisi…”

Ìyá yín juwọ́ sí i. Ó ní, “We dey come!”

Ẹ ò rí i. Gbogbo ẹni tó sá kúrò ní Warri, ohun tí wọ́n wí nìyẹn. We dey come. Àwa tí a mọ ohun tí tẹlifíṣọ̀n ń sọ ládùúgbò, a gbé tiwa jáde ní ọ̀sán gangan, a ò rò ó rárá. Ọ̀rọ̀ fèrèsé ló wà lọ́kàn wa.

A ò tíì jìnnà tí mo rí obìnrin kan tó ń sáré, ó pọn ọmọ, ó ru àpótí. Ọkùnrin kan tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀dì lórí. Lẹ́yìn náà, èèyàn mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, mi ò lè kà wọ́n mọ́. Ṣọ́ọ̀bù ń pa ilẹ̀kùn dé, gbà, gbà, gbà. Mo yọ orí síta, mo pe ọmọkùnrin kan: “Wetin happen?”

Kò dúró. Ó ń sáré, ó ń wí: “Yoruba people don pack! Dem don hear something!”

Sunday wò mí. Mo wo ìyá yín. Ìyá yín wo páálí tó wà lẹ́yìn ọkọ̀.

Àwa ni Yorùbá náà.

Mo gbé ohùn sókè, lójú títì, ní èdè Yorùbá, nǹkan tí mi ò ṣe láti oṣù mélòó kan: “Délé ńkọ́?”

Nítorí kí ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ yẹn ṣe? Tí ẹ bá rí i pé èèyàn ń sá, ẹ péjọ. Bọ́ọ̀sì ń bọ̀. Ohun tí a rà pé kó mú ọmọ wa jókòó sílé, òun ló fẹ́ gbé e lọ yìí.

Mo fẹ́ fò sílẹ̀. Ìyá yín di aṣọ mi mú. Ó ní, “Lọ sí ilé fídíò. Èmi ń padà sílé. Tẹlifíṣọ̀n yìí ló lé wọn, òun náà ni yóò pè wọ́n padà.” Ó ní kí Sunday yí ọkọ̀. Ó gun ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, obìnrin tó ró ìró, ó dúró ti páálí yẹn, ó sì fà á ya.

Mo kígbe pé, “Ìyá Bísí, páálí!”

Kò tilẹ̀ wò mí. Ó fà á ya láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí gbogbo ayé lè rí gíláàsì. Ó ń lu orí tẹlifíṣọ̀n, ó ń pariwo: “We no go anywhere! Na change we wan go change am! See am! We dey carry am go back!” Bí ọkọ̀ ṣe ń padà lọ nìyẹn, tó dojú kọ èèyàn tó ń sá bọ̀. Mo rí ọkùnrin tó ru bẹ́ẹ̀dì, ó dúró. Ó wò ó. Ó gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀: “Yoruba! Una wan kill person?”

Mo sáré lọ sí oríta.

Bọ́ọ̀sì ti dé. Ẹ́ńjìnnì ń dún. Àwọn ọmọ ń wọlé, wọ́n ń ti ara wọn, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín bí ẹni ń lọ wo bọ́ọ̀lù. Aṣọ pupa lọ́wọ́ gbogbo wọn. Bẹ́ǹṣì ilé fídíò ti dojú dé. Tẹlifíṣọ̀n wọn ṣì ń sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn, kò sí ẹni tó ń wò ó. Mo ń wo ojú kan sí ojú kan nínú fèrèsé bọ́ọ̀sì. Mi ò rí tiwa. Mo pariwo: “Délé o! Délé! A ò lọ ibì kankan o! Tẹlifíṣọ̀n la fẹ́ lọ pààrọ̀!”

Àwọn ọmọ yíjú sí mi.

Komanda rọra yí padà. Ó ní, “Papa. Which language be that?”

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò lè mọ ìbéèrè yẹn. Ẹ̀yin rò pé ìbéèrè ni. Mo ní, “Yoruba. I be Yoruba. I sell okada parts for market. I dey find my pikin.”

Ó wò mí. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀wù. Ọmọ kan yọ orí láti inú bọ́ọ̀sì, ó ní, “Na Dele papa.” Ọlọ́run bù kún ọmọ yẹn, níbikíbi tó bá wà.

Komanda tutọ́ sílẹ̀. Ó ní, “Your pikin no dey here. As e hear say Yoruba people don pack, e run. Soft boy.” Ó gun bọ́ọ̀sì. Wọ́n lọ.

Ó sá. Ibo? Mi ò mọ̀. Mo rò pé ó ti bá èrò lọ. Mo wo ojú gọ́tà. Mo wo abẹ́ àwọn káńtà. Mo ń rìn bọ̀ wálé, mo ń gbèrò ohun tí mo máa sọ fún ìyá rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ lọ.

Mo gbọ́ ariwo kí n tó rí ilé. Fíìmù. Ìyá yín àti Sunday ti gbé tẹlifíṣọ̀n sí fàráńdà, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n yí ohùn dé òpin. Àwọn èèyàn ti kún iwájú ilé wa, ẹrù ṣì wà lórí àwọn kan. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo fíìmù inú igbó yẹn, tí ẹnikẹ́ni ò rí nǹkan kan nínú rẹ̀, nítorí oòrùn. Màmá Efe jókòó lórí àpò gààrí rẹ̀. Ó rí mi. Ó ní, “Papa Bisi, next time una wan change TV, abeg, announce am for church!” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dé inú. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Mo wọlé.

Ẹ wo tábìlì yẹn. Èyí gan-an. Ó ṣófo, nítorí tẹlifíṣọ̀n wà níta. Délé jókòó sórí rẹ̀. Ọmọkùnrin gíga báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, ó jókòó sí ibi tí tẹlifíṣọ̀n máa ń wà. Fèrèsé ẹ̀yìn ló gbà wọlé. Ó ti wà níbẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó dé. Ó bá ilẹ̀kùn ní títì, ó bá tábìlì ní òfìfo. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Aṣọ pupa yẹn ti wà nílẹ̀. Kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló tú u.

Délé rí mi. Ọmọ tí kì í sọ Yorùbá fún wa láti ọdún mélòó kan. Ó ní, “Bàbá, mo rò pé ẹ ti lọ. Mo rò pé ẹ fi mí sílẹ̀.”

Nǹkan tó wí nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wá íǹṣì… Ẹ gbọ́. Tẹlifíṣọ̀n tó tóbi kò mú un jókòó sílé. Àyè rẹ̀ tó ṣófo ló mú un jókòó. Ó rí ibi tí nǹkan ti kúrò, ó sì mọ ohun tó fẹ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọ inú bọ́ọ̀sì náà, àwọn kan padà wá. Àwọn kan ò padà. Ọmọ ìyá méjì láti àdúgbò wa wà nínú àwọn tí kò padà. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ìyá wọn ṣì wà láyé, ó ṣì ń kọjá níwájú ilé yìí.

Emeka kò gba tẹlifíṣọ̀n padà. Páálí ti ya. Ìyá yín ní kò burú. Ó mú ìró tó fi wọn ilẹ̀, ó fi bo fèrèsé ọ̀kánkán yẹn. Igbó inú fíìmù hàn kedere. A rí ojú gbogbo wọn. Ìwọ Tèmi, o bi mí nígbà kan pé kí ló dé tí aṣọ àtijọ́ wà lójú fèrèsé, tí kọ́tìnnì tó dára sì wà níbòmíràn. Òun nìyẹn. Ibẹ̀ ló wà láti ìgbà náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìyá yín ti fi òfin kan lélẹ̀ nínú ilé yìí. Kò sí ohun ńlá tó máa jáde kí arọ́pò rẹ̀ tó wọlé. Fìríìjì, àga, bẹ́ẹ̀dì. Gbé tuntun wọlé ná, kí aráàlú rí i, kí ọkàn wọn balẹ̀. Lẹ́yìn náà kí o gbé ògbólógbòó jáde. Ogun ti parí, kò jáwọ́. Àwọn tó ń gbé ẹrù máa ń bínú, pé àyè ò gba méjì. Á ní kí wọ́n fún un mọ́ra.

Òun nìkan ló rú òfin náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, wọ́n gbé e jáde láti ẹnu ọ̀nà yìí. Màmá Efe dúró ní òdì kejì, arúgbó ni òun náà báyìí. Kò sí nǹkan kan tí a gbé wọlé.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi tan tẹlifíṣọ̀n. Mo jókòó síbi tí ìró méjì dé. Mo ń wo gíláàsì yẹn bó ṣe dúdú. Ojú ara mi ni mò ń rí.

Ayé ti yí. Lónìí, ènìyàn á tẹ fóònù, wọn á gbé tẹlifíṣọ̀n wá bá a nílé, kò jókòó sílẹ̀ wò ó, kò fi òkùnkùn dán an wò, kò mọ ibi tí fèrèsé rẹ̀ wà. Ẹ ra ńlá. Mi ò kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òdòdó tàn yín. Ẹ ní kí wọ́n fi òru hàn yín. Ẹni tí o bá rí ojú rẹ̀ nínú òkùnkùn, òun lo rí.

Hóònù ọkọ̀ ta ni mò ń gbọ́ níta yẹn?

“Grandpa, na Uncle Dele. E don bring am! E dey with two men.”

Délé ti dé? Kò dúró de íǹṣì yín náà. Ṣé ẹ rí i, ọmọ ìyá rẹ̀ ni… Tọ́bá, dìde, lọ ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì. Tèmi, má fọwọ́ kan ìró tó wà lójú fèrèsé yẹn. Ẹ sọ fún àwọn ọkùnrin náà kí wọ́n má sáré. Kí wọ́n má tíì gbé èyí kúrò lórí tábìlì o, ẹ gbọ́ mi? Àyè máa gbà á. Ẹ gbé tuntun wọlé ná.